Ọmọ Wolé-wolé Nínú Ìgbìmọ̀ Pecan Gully

Cornelius Bíyìí Ọlátúnbọ̀sún, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, káńsẹ́lọ̀ ní ìlú Pecan Gully, kò borí ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, kò sì fìdí rẹmi. Ọ̀rọ̀ ààtàn ńlá tó wà létí odò tí wọ́n ń pè ní bayou, lẹ́yìn àwọn apartment, ni wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí. Ká ní wọ́n dìbò lọ́jọ́ náà ni, ilé-iṣẹ́ tó ni ààtàn ì bá gba ìwé àṣẹ ọdún mẹ́wàá mìíràn, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin tí Bíyìí ti ṣe ì bá sì wọmi. Wọ́n sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, Bíyìí kì í jókòó tán kó tó tún dìde.

Pecan Gully kì í ṣe Houston gan-an. Houston ló yí i ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká, ẹni tó bá sì ń sáré lórí títì márosẹ̀ freeway lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀ pé òun wọ ìlú kankan, òun sì jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní méyọ̀ tirẹ̀, ó ní káńsẹ́lọ̀ márùn-ún, ó ní ọlọ́pàá mọ́kànlá. Bayou, odò tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn, gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ní ilé tiwọn ń gbé apá òkè. Àwọn Mẹ́síkò, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Nàìjíríà tó wá kàwé tí wọn ò padà mọ́ ló pọ̀ nínú àwọn apartment apá ìsàlẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ yìí ni ààtàn wà.

Wolé-wolé ni bàbá tó bí Bíyìí, ní Ìkirun, láyé àwọn òyìnbó. Aṣọ kakí ló máa ń wọ̀, á máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, á máa bojú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá ti rí i lókèèrè, ariwo á sọ: "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Gbogbo ìkòkò á sì dojú dé kó tó dé ìdí wọn. Wọ́n bẹ̀rù ọkùnrin náà, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Bíyìí wà lọ́mọdé, ohun tó ń dùn ún jù ni pé wọn kì í fi oúnjẹ lọ bàbá òun nílé ẹnikẹ́ni. Ó bi í léèrè nígbà kan bí kò ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Omi kì í purọ́, Bíyìí. Ẹni tó pọn ọ́n ló ń purọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan máa wò ó."

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1971 ni Bíyìí dé Houston. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Greenspoint, níbi tó ti ń yẹ omi wò fún àwọn tó ń kọ́lé. Ó fẹ́ Ọláníkẹ́, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan náà. Ní ọdún 1979, wọ́n ra ilé sí Pecan Gully, Bíyìí sì búra di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Bísọ́lá. Ká ní ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ ni, ì bá dà bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀: iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́tà láti ilé.

Ìjì ńlá ọdún 1983 ni kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Bayou kún, omi wọ àwọn apartment apá ìsàlẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tó fà, ó fi ìlà dúdú kan sílẹ̀ lára gbogbo ògiri. Àwọn èèyàn fi ọṣẹ nù ún, kò lọ. Bíyìí gé kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀ nínú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Epo ni. Kì í ṣe epo ọkọ̀ tó jò sójú títì, ìdọ̀tí epo tó ń ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá jáde ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó gbé e lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo ará ìlú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún lọ, wọ́n tún dúpẹ́. Ìgbà kẹta tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó yé e pé ọpẹ́ ni wọ́n fi ń tilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ó gbé àpótí ìbò ní 1984, ìbò mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi borí rẹ̀. Ó tún gbé e ní 1986. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ojúlé ló kàn, òkè àti ìsàlẹ̀, tòun ti ìgò omi dúdú kan lọ́wọ́. Ìbò mọ́kànlá ló fi wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Wolé-wolé Houston," ni wọ́n ń pè é. "Ẹ bo ìkòkò yín o, ọmọ wolé-wolé dé." Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ náà kan ibì kan lára rẹ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ tó ti lò kì í ṣe òfìfo. Ó mú kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará apartment lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bíi ti àwọn onílé. Ó ṣe òfin tó de àwọn tó ń da táyà ògbólógbòó sínú kòtò, èyí tó bí Ọ̀gbẹ́ni Dwayne Pruitt nínú, káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù táyà, tí ìjókòó rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó dá òfin lábàá pé kí wọ́n má máa gé igi etí bayou. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìbò lòdì sí i. Láàárín àkókò yìí kan náà, owó epo já wálẹ̀ ní Texas, ilé-iṣẹ́ Greenspoint dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, òun náà wà lára wọn. Ní báyìí, ó ń wakọ̀ lọ sí The Woodlands lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti yẹ adágún omi àwọn olówó wò. Omi mímọ́ gaara. Ó ní iṣẹ́ náà ń sú òun: kò sí nǹkan kan nínú omi náà.

Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá ń jẹun, á dìde lọ gbóòórùn lójú fèrèsé. Bó bá jókòó ní ìpàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ife Ọ̀gbẹ́ni Pruitt á máa mì.

Ohun tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa ni pé kò rí ẹlẹ́rìí. Ìdọ̀tí inú ilé àti koríko nìkan ni òfin gba ààtàn yẹn láyè láti gbà. Gbogbo èèyàn ń gbóòórùn epo láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà ní ìdáhùn kan ṣoṣo: "Gbogbo Houston ni bayou ń gbà kọjá. Ta ló mọ ibi tí epo ti wọ̀ ọ́?" Ẹni tó fojú rí i ló kù.

Ẹni tó fojú rí i ni Bàbá Múyìwá.

Bàbá Múyìwá, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí reluwé ní Nàìjíríà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 1984 ni Múyìwá ọmọ wọn ránṣẹ́ pè wọ́n wá sí apartment rẹ̀ ní apá ìsàlẹ̀. Àgbà ìjọ ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Bíyìí ń lọ. Láàárọ̀ kùtù gbogbo Ọjọ́rú, àwọn àti àgbà méjì mìíràn máa ń wọ aṣọ funfun lọ sétí bayou, torí pé àdúrà kan wà tó jẹ́ pé etí omi tó ń ṣàn ni wọ́n ti ń gbà á. Bíyìí ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má máa fẹsẹ̀ kan omi náà. Bàbá ní, "Omi tó ń ṣàn, Ọlọ́run ló ń fọ̀ ọ́." Ta ni yóò bá wọn jiyàn?

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, tánkà kan bá wọn létí odò. Ó gba ẹ̀yìn ààtàn wá, awakọ̀ rẹ̀ na okùn rọ́bà ńlá kan sílẹ̀ títí dé inú omi, ó tú nǹkan dúdú sí i, ó sì lọ. Àwọn àgbà méjì yòókù ò rí i. Wọ́n dijú, àdúrà ni wọ́n ń gbà. Bàbá Múyìwá ní ní tàwọn, àwọn kì í dijú létí omi. Gẹ́gẹ́ bí ará reluwé, wọ́n fa bírò yọ, wọ́n kọ nọ́ńbà tánkà àti àkókò tó dé sí ẹ̀yìn Bíbélì wọn. Ọjọ́rú márùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún Bíyìí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò.

Inú Bíyìí dùn púpọ̀. Ó kọ orúkọ Bàbá sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ láti wá jẹ́rìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé, Ọláníkẹ́ ń pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bi í léèrè:

"Dádì Bísọ́lá, ṣé ẹ ti sọ fún Bàbá pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n ní?"

"Bàbá mọ̀."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Níkẹ̀ẹ́, ẹni tó lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí reluwé, ṣé èmi ni kí n wá máa kọ́ wọn ní aago?"

"Kì í ṣe aago ni mò ń sọ. Ẹ ò mọ bí Bàbá ṣe ń kíni ni? Wọ́n kí mi lórí fóònù ní Sunday, ìrẹsì mi jóná."

Bíyìí rẹ́rìn-ín. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ọláníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, pẹ̀lú Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bíyìí pinnu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, kò lè sọ ọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀? Ohun mìíràn ló sọ. "Bàbá, ọkùnrin kan á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Pruitt lórúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó lè le mọ́ wa."

"Ìyá rẹ̀ kú? Háà. Ẹni ọdún mélòó ni?"

"Mi ò bèèrè, Bàbá."

"O ò bèèrè?"

Bàbá kọjú síta títí wọ́n fi dé.

Nígbà tí akọ̀wé pe orúkọ wọn, Bàbá Múyìwá dìde nínú búbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú kóòtù ọmọ wọn lókè nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n dé iwájú makirofóònù, wọ́n gbé Bíbélì lélẹ̀, iná aláwọ̀ ewé tó ń ka ìṣẹ́jú ẹlẹ́rìí tàn. Gẹ̀ẹ́sì reluwé ni wọ́n sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó le gbagidi, ṣùgbọ́n Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kí méyọ̀, Ìyáàfin Evelyn Hargrove, kú ìjókòó. Wọ́n ní iṣẹ́ ìlú kì í tán, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n kí àwọn káńsẹ́lọ̀ kú àpérò. Wọ́n kí akọ̀wé tó ń kọ̀wé. Wọ́n kí gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn kú ooru. Wọ́n yíjú sí lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní, "Ìwọ náà, ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹjọ́ kì í sọ wá di ọ̀tá." Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Bíyìí wo iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. "Mo gbọ́ pé ìyá ṣaláìsí. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n?"

Pruitt gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n jí. "Mọ́kànlélọ́gọ́rin, sà."

"Wọ́n dàgbà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ẹ̀yin ọmọ ní àmúmọ́ra."

Iná aláwọ̀ èsúrú tàn. Òfin ìgbìmọ̀ gba káńsẹ́lọ̀ láyè láti bẹ̀bẹ̀ ìṣẹ́jú méjì sí i fún ẹlẹ́rìí, bó bá bẹ̀ ẹ́ kí ẹlẹ́rìí tó kúrò nídìí makirofóònù. Bíyìí la ẹnu. Ìgbà náà gan-an ni Bàbá kọjú sí i.

"Ìwọ Bíyìí, ọmọ rere. Bí o ṣe dúró fún wa nílẹ̀ àjèjì, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Orí tó gbé ọ dé ibí kò ní padà lẹ́yìn rẹ."

Ọmọ Yorùbá wo ló máa ń já àdúrà tí àgbà ń gbà lé e lórí? Bíyìí tẹrí ba. "Àmín," ló wí, makirofóònù rẹ̀ sì wà ní títàn, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

Iná pupa tàn. Akọ̀wé lu agogo tó wà níwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà, agogo ni wọ́n fi ń kádìí àdúrà. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n kígbe "Halleluyah!", wọ́n gbé Bíbélì wọn, wọ́n sì padà lọ jókòó, ayọ̀ kún ojú wọn. Wọ́n ti jókòó tán kí wọ́n tó wo Bíbélì náà. Bíyìí rí i bí ojú wọn ṣe yí padà.

Lọ́yà lo ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Méyọ̀ ní kí àwọn káńsẹ́lọ̀ múra láti dìbò. Bíyìí mọ̀ bí yóò ṣe rí: mẹ́ta sí méjì, Pruitt lẹnì kẹta. Ṣùgbọ́n Pruitt gbé ọwọ́ sókè, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Mo fẹ́ kí a sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni ó wí. "Ọkùnrin yẹn mú ìwé kan wá, kò sì ṣí i. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Ó ti ife omi rẹ̀ síwájú. "Láti ìgbà tí mo ti sin ìyá mi, nínú yàrá yìí, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè ọjọ́ orí rẹ̀."

Ẹsẹ̀ Bíyìí dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ọdún kan ààbọ̀ ló ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀, ó sì kéré. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, tánkà kò wá. Ọjọ́rú kejì, kò wá. Bíyìí lọ dúró létí bayou fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì pẹ̀lú bínókúlà, ẹyẹ lẹ́kelẹ́ke nìkan ló rí. Ilé-iṣẹ́ náà ti gbọ́ pé ẹnì kan rí nǹkan. Ìdajì ojú ìwé kan lẹ́yìn Bíbélì ni gbogbo ẹ̀rí tó kù lágbàáyé, òun kò sì lè kà á fúnra rẹ̀, torí pé káńsẹ́lọ̀ tó bá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí. Bí kò bá dìbò, mẹ́ta sí ẹyọ kan ni. Ó rìn yí ilé ká títí Bísọ́lá fi bi ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá nǹkan ń dun Dádì.

"Nǹkan tó ń dùn wọ́n, ẹnu wọn ló wà," ni Ọláníkẹ́ dáhùn, ó sì rí i dájú pé ọkọ òun gbọ́. "Ìdọ̀tí ń bẹ nínú omi, wọ́n lè sọ fún gbogbo òyìnbó. Àgbà kan ṣoṣo ni wọn ò lè sọ òótọ́ fún."

Ní Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún, Bíyìí lọ sí apartment Múyìwá. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì dìde.

"Kí ló dé?" ni Bàbá wí. "Ta ló kú?"

"Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún yín lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀. Mi ò sọ fún yín."

Bàbá bojú wò ó nílẹ̀. "O mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O wá jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ máa kí wọn bí ẹni tó lọ kí àna."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́."

"Bàbá tó bí ọ wọlé onílé, ó wo ìkòkò onìkòkò, kò tijú ọba, kò tijú ìjòyè. Ìwọ tí wọ́n dìbò fún, ojú ń tì ọ́ láti sọ fún mi pé agogo á dún." Wọ́n pòṣé. "Dìde nílẹ̀. Ṣé ìyàwó rẹ ní aago?"

Ọláníkẹ́ ní aago tí nọ́ọ̀sì ń kọ́ sáyà, ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá dúró sẹ́yìn àga nínú pálọ̀ Bíyìí bí ẹni tó wà nídìí makirofóònù. Nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú méjì àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti lọ kí tánkà tó dé odò. Nígbà kejì, wọ́n ní àwọn ò ní kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje," wọ́n sì dákẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?" ni Ọláníkẹ́ bi wọ́n.

"Mi ò lè sọ ọ́ báyìí. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé."

Bíyìí dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà wá. Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Jókòó, jàre, o ń mú òòyì kọ́ mi. Gbọ́. Nídìí reluwé, ọkọ̀ ojú irin ò ní torí ìkíni dúró. Orí pèpéle la ti ń kí èrò. Bí fèrè bá ti fọn, ó ti tán, ẹni tí o ò kí, o ò kí i nìyẹn. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn?"

"Aago mẹ́fà, Bàbá. Aago méje ni ìpàdé."

"Ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí. Màá kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, títí kan lọ́yà. Bí wọ́n bá wá pè mí, mo ti kí wọn tán nìyẹn." Wọ́n nàka sí i. "Ìwọ náà, bí mo bá ṣì ẹnu ṣàdúrà fún ọ níbẹ̀, má dáhùn."

"Bàbá, ṣé kí n má ṣe Àmín?"

"Máa ṣe é nínú ikùn."

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó kẹ́yìn, Bàbá ka Ọjọ́rú márààrún, nọ́ńbà tánkà, àkókò tó dé àti àkókò tó lọ, Ọláníkẹ́ sì gbójú sókè: ìṣẹ́jú méjì àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bíyìí ti ń ronú bóyá lọ́yà yóò ti bá Pruitt sọ̀rọ̀ láàárín ìgbà náà, bóyá Pruitt yóò tilẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kejì, kó tó lọ sí The Woodlands, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù táyà Pruitt. Kò mẹ́nu kan ààtàn. Ó kàn bèèrè orúkọ tí ìyá Pruitt ń jẹ́, Pruitt sì sọ fún un, wọ́n dúró díẹ̀ láàárín òórùn rọ́bà. Nígbà tó ń jáde, kò mọ̀ bóyá ìbò kan wà nínú ìbẹ̀wò náà tàbí kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, aago méje ìrọ̀lẹ́, ni ìpàdé yóò tún jókòó. Ọ̀rọ̀ ààtàn ni wọ́n fi sí ipò kẹrin nínú ìwé ètò. Bàbá Múyìwá ti ní kí Bíyìí wá gbé àwọn ní aago márùn-ún, kí àwọn lè ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i.